Ọjọ́ Ibi tí Àjàyí Pè ní Ọjọ́ Ìbùkún

Ní ọdún 1837, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ti di olùkọ́ nílẹ̀ Sàró, jókòó láti kọ ìtàn bí òun ṣe di ẹrú ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ méjì tí kò bá ara wọn tan ni ó sọ ọjọ́ tí ogun wọ ìlú rẹ̀, Òṣogùn: ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún ní a ti kọ́ òun láti máa pè é, ní ọ̀nà mìíràn, ní ọjọ́ ìbùkún. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ru ìbéèrè ńlá kan sókè: ǹjẹ́ ibi a máa di ire nítorí pé ire tẹ̀ lé e?

Ìyípadà ti ìlú ni ó ṣáájú ti ọmọdékùnrin náà. Láyé ọjọ́un, bí Aláàfin, ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, bá húkọ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé, ará ibodè jíjìn a máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí i ní Ìlọrin, tí ó sì kó àwọn jagunjagun Mùsùlùmí àti Fúlàní mọ́ra láti fi wọ́n ṣe odi ara rẹ̀, okùn tí ó so ilẹ̀ náà pọ̀ já, ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn lẹ́rú. N kò rò pé ọ̀rọ̀ Òṣogùn wá sí Àfọ̀njá lọ́kàn lọ́jọ́ tí ó ṣe ìpinnu yẹn. Ẹni tí ń yí ìtàn padà kì í sábà rí ẹni tí ìtàn náà yóò wó lù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, ogun ti ká ìlú mọ́. Bàbá Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá, ó padà sójú ìjà, ọmọ rẹ̀ kò sì tún fojú kàn án mọ́. A fi okùn sí wọn lọ́rùn, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Ọmọ tí à bá máa jí kí ní Àjàyí Ògídí Olú wá di ohun tí a fi ń pààrọ̀ ẹṣin, ẹṣin kò sì wu ẹni tí ó gbà á, ni a bá tún dá ọmọ padà, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ àwọn Pọtogí ni òun ń lọ, ó gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìbàdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ní Èkó, a kó o sínú ọkọ̀ Pọtogí pẹ̀lú àwọn ẹrú tí iye wọn jẹ́ 187. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì fi yọ sí wọn, nítorí pé Pọtogí ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1815 àti 1817 láti jáwọ́ nínú òwò ẹrú ní apá òkun yìí. Òǹkàwé lè rò pé ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀. Rárá o! Nígbà tí Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́, wọ́n ní ẹran ara àwọn ẹnìkejì wọn ni. Wọ́n rí ọta àgbá roboto, wọ́n ní orí ènìyàn nìyẹn. Àfìgbà tí wọ́n súnmọ́ ọn, tí wọ́n wò ó dáadáa, kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Ẹni tí ìdáǹdè dé bá ń retí ọ̀bẹ. Mo fẹ́ràn apá yìí ju gbogbo ìtàn náà lọ, nítorí àwa a máa sọ̀rọ̀ ìyípadà ayé bí ẹni pé a máa ń lu agogo kí ó tó dé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí ẹ̀fà, kí ni yóò fi mọ̀?

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: ìrìbọmi ní 1825, oyè àlùfáà ní 1843, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ọdún kan náà, oyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Àwọn àgbà wa yóò ní orí ló gbé e, onígbàgbọ́ yóò ní ọwọ́ Ọlọ́run ni. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mélòó ni ó kọjá láìjẹ́ pé ọkọ̀ ogun kankan pàdé wọn? Àwọn ènìyàn wa tí ogun kan náà kó ni wọ́n tú sí Bahia nílẹ̀ Bràsíl, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú ọ̀tẹ̀ tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, a yìnbọn pa àwọn kan, a na àwọn mìíràn ní pàṣán, a sì lé àwọn mìíràn kúrò nílùú. Ọlọ́run Ọba Àwámárìídìí kò ha rí ọkọ̀ tiwọn? Ẹni tí ó bá ní orí wọn ni kò gbé wọn, kí ó wá sọ ọ́ lójú ìyá wọn.

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, tí Àjàyí fúnra rẹ̀ tú sí èdè wa, sọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí àwa oníwàásù ti ń sọ ọ́ lọ. Jósẹ́fù gbà fún àwọn arákùnrin rẹ̀ pé Ọlọ́run ti mú ire jáde láti inú ohun tí wọ́n ṣe, síbẹ̀ kò ṣàìsọ fún wọn pé ibi ni wọ́n gbèrò sí òun. Ó dárí jì wọ́n. Kò fọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn funfun. Ẹ sì kíyè sí i pé Jósẹ́fù tí wọ́n tà ni ó sọ ọ́: bí Jékọ́bù bàbá rẹ̀ tí ó fi aṣọ ọ̀fọ̀ di ìdí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ìbá ti dá a lóhùn, ìwé kò sọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Àfàlá tún rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò lè fọhùn. Àjàyí ní ẹ̀tọ́ láti pe ọjọ́ Òṣogùn ní ìbùkún, nítorí ọrùn tirẹ̀ ni okùn náà wà, ayé tirẹ̀ ni ó sì fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni mìíràn kò ní in, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tàbí babaláwo tàbí òpìtàn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tàbí tí iná jó ilé rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ fún un pé fún rere ni. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ṣe àmín.