Ǹjẹ́ Inú Rere Nìkan Tó?

Bí a bá dárúkọ Kirikiri, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí wọ́n ti ń bímọ, tí wọ́n sì ti ń gbin nǹkan ni pẹ̀lú. Ilẹ̀ ibẹ̀, bíi ti Ajégúnlẹ̀, jẹ́ ilẹ̀ àbàtà létí omi, àyè ilé kò sì fẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ata tàbí efinrin tútù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ a máa bu erùpẹ̀ sínú ìkòkò, garawa tàbí kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí. Inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan ti yọjú: bí ènìyàn bá fi ìfẹ́ ṣe ohun tí ó pa ẹlòmíràn lára, ǹjẹ́ inú rere rẹ̀ tó láti dá a láre?

Gbòǹgbò a máa mu omi, a sì máa mí pẹ̀lú. Bí omi bá gba gbogbo àyè tí afẹ́fẹ́ wà láàárín erùpẹ̀, tí kò sì rí ọ̀nà jáde, gbòǹgbò yóò dúdú, yóò rọ̀, yóò sì jẹrà. Gbòǹgbò tí ó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́. Ìdí nìyí tí ewé fi ń rọ nígbà tí ẹsẹ̀ igi wà nínú omi. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le: àmì ohun tí omi ń pa jọ àmì ohun tí òǹgbẹ ń gbẹ. Onílé rí ewé tí ó rọ, àánú ṣe é, ó tún bu omi sí i.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó ṣàṣìṣe nítorí ìfẹ́ kò jẹ̀bi tó ẹni tí kò bìkítà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ikú kan náà ni ata kú. Igi inú igbó lè na gbòǹgbò rẹ̀ síbi tí ó wù ú. Ẹni tí ó fi ìkòkò há ọ̀gbìn mọ́ ti gba ẹ̀mí rẹ̀ sọ́wọ́. Ìwádìí tí ó yẹ olúwarẹ̀ kò sì nira. Kí ó ki ìka bọ erùpẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, kí ó dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹfà, tí òjò Èkó pọ̀, ìkòkò ìta lè má fẹ́ omi ẹnikẹ́ni; nígbà ọyẹ́, ó lè fẹ́ ẹ lójoojúmọ́. Kí ó lu ihò sí ìdí ike àti garawa, nítorí wọn kì í làágùn bí ìkòkò amọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a kó sísàlẹ̀ kò lè rọ́pò ihò.

Àwọn àgbà ti ya ìkẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àkẹ́bàjẹ́, wọ́n sì ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Olùkọ́ tí ó rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti rẹ̀, tí ó tún di iṣẹ́ lé e lórí nítorí ìdánwò súnmọ́lé, ń bu omi sínú ìkòkò tí kò ní ihò. Ó lè jẹ́ ìsinmi ni ọmọ náà ń fẹ́, tàbí òye ohun tí ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ kò ní ìka mìíràn tí yóò fi wádìí ju ìbéèrè àti sùúrù lọ.

Inú rere nìkan kò tó. Ìfẹ́ tí kò wádìí, ara rẹ̀ ni ó ń tẹ́ lọ́rùn. Síbẹ̀, kò yẹ kí ìbẹ̀rù àṣìṣe sọ ènìyàn di aláìbìkítà, nítorí òǹgbẹ náà ń pa ọ̀gbìn. Kí ọwọ́ sáà kọ́kọ́ kan erùpẹ̀, kí ó tó kan igbá omi.