Ta Ni Ó Ń Bọ́ Àgùntàn?

Nígbà tí àgbẹ̀ bá ya àgbàdo tán, tí ó gé pòpórò rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí ó tó gbẹ, tí ó da èèpo ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, tí ó tẹ̀ ẹ́ pinpin sínú àgbá, tí ó sì dí ẹnu rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà ráàyè wọlé, ó di nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ó tó ṣí i; òórùn kíkan bí ti omi ògì ni yóò kọ́kọ́ kí i. (Bí atẹ́gùn bá wọ̀ ọ́, yóò hu, kí ó dà á nù.)

Àgùntàn bọ̀lọ̀jọ̀ yóò jẹ ẹ́, yóò sì sanra. Ṣùgbọ́n ta ni ó bọ́ ọ? Òun fúnra rẹ̀ kò lágbára lórí líle pòpórò: àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú kò rí, tí wọ́n kún àpò ńlá inú ikùn rẹ̀, ni wọ́n ń fọ́ ọ bí ó ti ń jẹ àpọ̀jẹ, nígbà tí wọ́n bá sì ṣàn lọ sísàlẹ̀, àwọn náà a di oúnjẹ rẹ̀.

Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin. Mo gbà; ṣùgbọ́n Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé a máa rán ìránṣẹ́ tí kò mọ ẹni tí ó rán an. Ǹjẹ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣoore yẹ lẹ́ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn oníwàásù wa a máa wo èrò ọkàn kí wọ́n tó wo iṣẹ́ ọwọ́, n kò sì bá wọn jà. Síbẹ̀, bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn gbogbo ohun tí ń gbé ẹ̀mí wa ró, díẹ̀ ni yóò yege.