Jápa Kò Ní Àbọ̀

Àwa tí a ń gbé Ẹgàn, tá a ń jí lọ síṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó láago márùn-ún ìdájí, "ẹ káàbọ̀" ni ìyá onílé fi ń pàdé wa lálẹ́. Àbọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó wà nínú "ó dàbọ̀" náà: ó di ìgbà tá a bá bọ̀.

"Jápa" kò ní in. Sísá lọ ni, ó parí. (Bí ètò kọ̀ǹpútà tí kì í dá èsì padà.)

Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa ń lọ Kánádà, ó ti ta fìríìjì, ó ti ta bẹ́ẹ̀dì. A mọ̀, síbẹ̀ a ní "ó dàbọ̀" ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ṣé irọ́ la pa? Lójú tiwa, irọ́ kọ́. Gbèsè la fi kọ́ ọ lọ́rùn, bóyá a ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ ló yára dáhùn: "Àṣẹ." Ọ̀rẹ́ wa ò fọhùn.