Ọ̀nà Tí A Kò Bèèrè



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn Mísà kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi ní ẹnu ọ̀nà sákírísítì. Ó mú rósárì titun kan lọ́wọ́. Ó ní, "Fada, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi súre sí i, mo fẹ́ rin ìrìn-àjò." Mo gbé ọwọ́ sókè, mo súre sí rósárì náà, mo wọ́n omi mímọ́ sí i, mo sì wí fún un pé kí Ọlọ́run kí ó ṣe amọ̀nà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí pé àwọn tí wọ́n gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi ń dúró dè mí. Èmi kò bi í pé níbo ni ó ń lọ. Èmi kò bi í pé ọ̀nà wo ni yóò gbà.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni ìyá rẹ̀ wá sọ fún mi pé Libya ni ọmọ náà dorí kọ, àti pé láti ìlú Agadez ní ilẹ̀ Niger ni ó ti pe òun gbẹ̀yìn. Ó ní àwọn yóò gbéra ní òru. Ó ní kí ìyá òun má ṣe dààmú, nítorí pé Fada ti súre fún òun. Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yìí ti ń dún ní etí mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó láti wádìí ọ̀nà tí mo súre sí láìmọ̀ ọ́n, ohun tí mo sì rí ni mo ń kọ sí yín lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí a bá ka Ìwé Mímọ́ ní èdè wa, tí a sì gbọ́ "aginjù", igbó kìjikìji ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa: igi ńlá, ìtàkùn, ọdẹ pẹ̀lú àtùpà lórí. Ẹni tí ó bá sọnù nínú igbó láàrin Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó yóò rí ipa ẹsẹ̀ ọdẹ, tàbí kí ó gbọ́ kí àkùkọ kọ ní abà kan. Bí ó bá sì ń tọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan omi. Aládùúgbò Ìwó Olódò Ọbà ni wá. Àwa kì í ka omi sí ohun tí ènìyàn ń wá títí tí ó fi kú. Ṣùgbọ́n aginjù tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn, àti èyí tí ọmọ wa lọ, aṣálẹ̀ ni: iyanrìn àti àpáta, láìsí abà, láìsí ẹni tí a lè ké sí. Mo rò pé bí ó bá jẹ́ "aṣálẹ̀" ni a ń gbọ́ nígbà gbogbo, ẹ̀rù ìrìn náà ìbá bà wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ténéré ni a ń pe aṣálẹ̀ tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Agadez. Ọ̀nà àtijọ́ kan là á kọjá lọ sí Bilma, níbi tí àwọn Tuareg ti ń fi ràkúnmí ru iyọ̀ láti ayébáyé. Àwọn tí wọ́n ń tọ ọ̀nà náà mọ kànga kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ iye ọjọ́ tí ó wà láàrin èkíní àti èkejì, wọn kì í sì í dá nìkan rìn. Igi kan ṣoṣo dúró lẹ́bàá ọ̀nà náà, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí kò ní ẹlẹgbẹ́ ní ọ̀nà jíjìn réré yí i ká. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ wọ ilẹ̀ ju mítà 30 lọ kí ó tó kan omi. Àwọn arìnrìn-àjò fi igi náà ṣe àmì ọ̀nà, wọn kì í sì í gé ẹ̀ka rẹ̀ dáná. Ní ọdún 1973, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù ú, ó sì wó o. Ẹ rò ó wò: nínú pápá iyanrìn tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, igi kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì kọlù ú! Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey; igi onírin ni wọ́n rì sí ipò rẹ̀.

Ní ìgbà tiwa yìí, ọkọ̀ Hilux ni ó gba ipò ràkúnmí. Ènìyàn bí 25 tàbí 30 ni wọ́n ń kó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan. Àwọn tí wọ́n wà létí ń na ẹsẹ̀ síta, wọ́n sì di ọ̀pá tí a há mọ́ àárín ẹrù mú kí wọn má bàa ṣubú, nítorí pé awakọ̀ kì í sábà dúró de ẹni tí ó bá jábọ́. Omi tí oníkálukú ní kò ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ, tí a fi àpò wé, tí a so mọ́ ara ọkọ̀. Fún ọdún pípẹ́, ojú ọ̀nà Agadez sí Dirkou ni wọ́n ń gbà, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ológun. Ìyẹn pàápàá burú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, ìjọba Niger ṣe òfin kan, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn àwọn ìjọba Yúróòpù, tí ó sọ kíkó àjèjì gba aṣálẹ̀ kọjá di ọ̀ràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn awakọ̀, wọ́n sì ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn awakọ̀ kò jáwọ́. Wọ́n kúrò lójú ọ̀nà tí kànga wà, wọ́n sì bọ́ sí ọ̀nà kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, níbi tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ kò ti ní rí ẹni tí yóò kọjá. Wọ́n fagi lé òfin náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ ọ̀nà kọ̀rọ̀ kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà kọ̀rọ̀ náà wà ní igun ìkẹyìn ilẹ̀ Niger lápá àríwá, níbi tí ilẹ̀ Niger, Algeria àti Libya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan ara wọn. Àpáta ni tọ̀tún tòsì, àlàfo gbígbẹ sì gba àárín wọn kọjá. Àwọn tí wọ́n ń kó ohun ìjà, oògùn olóró àti ènìyàn ni wọ́n mọ ibẹ̀ jù. Orúkọ tí ó wà lórí àwòrán ilẹ̀ fún ibẹ̀ ni Salvador. Nígbà tí mo rí i, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo sì tún un wò. Olùgbàlà ni ìtumọ̀ Salvador ní èdè Potogí. Àwa tí a ń jẹ́ Ìjọ Àgùdà kò yẹ kí a ṣàìmọ ọ̀rọ̀ náà. Ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran Yorùbá lẹ́rú lọ, láti ibẹ̀ sì ni díẹ̀ nínú wọn ti padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pẹ̀lú rósárì lọ́wọ́, kí Fada òyìnbó kankan tó wá gbé láàrin wọn. Àwọn wọ̀nyẹn, ẹ̀wọ̀n ni a fi dè wọ́n lọ. Àwọn ọmọ tiwa ń san owó kí a lè kó wọn lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 nínú iyanrìn nítòsí ààlà Algeria. Ọmọ ilẹ̀ Niger ni wọ́n, láti ìlú Arlit ni wọ́n sì ti gbéra: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Ọkọ̀ kan bàjẹ́, èkejì lọ wá ohun tí a ó fi tún un ṣe, àwọn tí ó kù dúró títí omi fi tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 44 kú ní ọ̀nà Dirkou nígbà tí ọkọ̀ wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ará Ghana àti Nàìjíríà ni wọ́n. Àwọn mẹ́fà péré ni wọ́n rìn dé abúlé kan láti ròyìn. Kò sí ìbọn níbẹ̀, ará mi, kò sì sí idà. Òùngbẹ ni.

Ẹ bá mi padà sí Ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hágárì, ẹrúbìnrin Sárà, bọ́ sí aṣálẹ̀. Ní ìgbà kìíní, ìyà ni ó ń sá fún, ó sì lóyún. Angẹli Olúwa bá a lẹ́bàá ìsun omi kan. Kí angẹli náà tó pàṣẹ ohunkóhun, kí ó tó ṣe ìlérí ohunkóhun, ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: níbo ni ó ti wá, níbo ni ó sì ń lọ. Ìgbà kejì burú ju ti ìṣáájú lọ. Ábúráhámù jí ní kùtùkùtù, ó fún un ní oúnjẹ àti omi nínú ìgò awọ kan, ó sì rán an lọ tọmọtọmọ. Omi tán. Ó tẹ́ ọmọ sí abẹ́ igi kékeré kan, ó lọ jókòó ní òkèèrè kí ó má bàa fi ojú rí ikú rẹ̀, ó sì sọkún. Níhìn-ín pẹ̀lú, ìbéèrè ni Ọlọ́run fi ṣáájú: ó bi í pé kí ni ó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó là á lójú, tí ó fi rí kànga.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Bódìjà, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa a máa wí pé Ábúráhámù kì í ṣe ìkà ènìyàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó fún obìnrin náà ní oúnjẹ, ó fún un ní omi. Ohun tí Ìwé Mímọ́ kò sọ pé ó ṣe ni kí ó bi í pé ọ̀nà wo ni yóò gbà, tàbí kí ó ṣírò ibi tí omi ìgò awọ kan lè gbé ènìyàn dé. Mo rò nígbà náà pé olùkọ́ wa le jù fún baba ìgbàgbọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Fada ní kí àwọn ọmọ má rìnrìn-àjò. Jósẹ́fù àti Màríà gbé Ọmọ náà sá lọ sí Íjíbítì ní òru. Póòpù Pius Kejìlá fi ìdílé yẹn ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo àwọn tí ń fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1952. Àwọn baba wa náà lọ sí Kùmásí, wọ́n tajà níbẹ̀ títí ìjọba Ghana fi lé wọn ní ìparí ọdún 1969. Àwọn ará Èjìgbò, aládùúgbò wa, ń lọ sí Abidjan títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lọ: ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ ń gbéra, gbogbo ilé ni ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò lọ, ẹ̀gbọ́n kan tàbí àbúrò kan sì wà lọ́hùn-ún tí yóò wá pàdé wọn. Bí àlejò kò bá dé lọ́jọ́ tí a dá, wọn yóò bèèrè rẹ̀.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lọ́wọ́ ta ni àwọn ọmọ wa ń bèèrè nísinsìnyí? Lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ọ̀nà náà. Ẹni náà kò sì jìnnà sí wa. Ó lè máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wa. Mo wí fún un níhìn-ín pé bí ó bá mú ìdámẹ́wàá owó náà wá sí iwájú pẹpẹ, èmi kò ní gbà á. Àti ẹ̀yin òbí: nígbà tí ọmọ bá fi ilẹ̀ kòkó dógò, ẹ kò bèèrè ohun tí yóò fi owó náà ṣe. Nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn bá fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè, ẹ fi í bú tiyín tí ó jókòó tì yín. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, ní àgbàlá ìjọ yìí.

Láti ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, èmi yóò máa jókòó ní ilé Fada ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn Mísà. Kí ọmọ èyíkéyìí tí ìrìn yìí wà lọ́kàn rẹ̀ kí ó wá. Èmi kò ní bú u, èmi kò sì ní sọ fún baba rẹ̀ bí kò bá fẹ́. A ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, a ó sì jọ ka àwọn kànga.

Ìwé tí a ń kọ ẹ̀bẹ̀ Mísà sí ní ojú méjì, ọ̀kan fún àwọn alààyè, èkejì fún àwọn olóògbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan ni ìyá ọmọ náà ń wá. A kúnlẹ̀, a gbé owó Mísà ka orí tábìlì, èmi yóò sì kọ orúkọ ọmọ náà. Kò bi mí ní ohunkóhun rí, àfi ní oṣù tí ó kọjá, nígbà tí ó ní, "Fada, ojú èwo ni ẹ máa ń kọ ọ́ sí?" Mo yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ojú àwọn alààyè ni, mo sì fi ìka tọ́ka sí orúkọ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, láti èyí tí a kọ́kọ́ kọ títí dé èyí tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.