ÌGBORO TÍ Ó KÚN FÚN ỌMỌ TÍ Ń ṢERÉ

Ọ̀rọ̀ Ìwàásù fún Àjọ̀dún Ìjọ

Ibi kíkà: Sekaráyà 8:1–5, 1 Àwọn Ọba 19:4–8

  

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí a kọ́, agogo tí a rà, àti ọkàn tí a jèrè fún Kristi. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé ni mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ rẹ̀: ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, oorun rẹ̀, àti eré rẹ̀. Ẹnìkan lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ṣé ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ nìyí?” Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣí Bíbélì wò.

ÌLÚ TÍ ỌLỌ́RUN ṢÈLÉRÍ

Nígbà tí Sekaráyà ń sọ tẹ́lẹ̀, Jerúsálẹ́mù kò tíì bọ́ nínú ahoro. Àwọn tí ó ti ìgbèkùn Bábílónì dé kò pọ̀. Odi ìlú ti wó, iṣẹ́ tẹ́ḿpìlì kò sì tíì parí. Ọlọ́run wá fi ìlú tí Òun yóò tún ṣe hàn wọ́n. Kí ni ẹ rò pé wọ́n rí ní ìgboro ìlú náà? Wúrà ni bí? Àbí ọmọ ogun? Ó tì o! Ní ẹsẹ 4, àwọn arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin ni wọ́n rí, wọ́n jókòó ní ìgboro, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ nítorí ọjọ́ ogbó. Ní ẹsẹ 5, àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni, wọ́n kún ìgboro, wọ́n ń ṣeré níbẹ̀.

Ẹ kíyèsí i, ará, pé ẹsẹ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Ọlọ́run so ọjọ́ ogbó àgbà mọ́ eré ọmọdé. Ọmọ tí ń sáré lónìí ni yóò di ọ̀pá mú lọ́la. Ẹ̀mí gígùn tí a ń tọrọ lórí òkè àdúrà, ní ìgbà èwe ni a ti ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n tí wọ́n fi ń sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ÌGBORO TIWA ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á wo ìgboro tiwa. Nígbà kan, bí ilẹ̀ bá ti ń tutù lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ariwo ọmọ ni ẹ óò máa gbọ́: bojúbojú níhìn-ín, súwẹ̀ lọ́hùn-ún, tẹ́ńtẹ́, okùn fífò, ìjàkadì, àti bọ́ọ̀lù nínú eruku. Ilé-ìwé kò jẹ́ wà láìní pápá. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń fi ẹsẹ̀ rin ibùsọ̀ kan tàbí méjì lọ sílé-ìwé, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ náà rìn bọ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ju àyè tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí lọ. Láti orí ibùsùn, ọmọ bọ́ sórí ọ̀kadà tàbí sínú ọkọ̀. Láti inú ọkọ̀, ó bọ́ sórí àga. Bí ilé-ìwé bá parí ní aago méjì, lẹ́sìnnì bẹ̀rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá délé, iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ó bá ṣe é tán, fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ni. Bí ó bá ní kí òun sáré jáde díẹ̀, a ó jágbe mọ́ ọn pé, “Eré ni yóò pa ọ́! Lọ gbé ìwé rẹ!” Ẹ̀yin òbí, ǹjẹ́ irọ́ ni mo pa?

Àwọn ìdí wà tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì dá òbí kankan lẹ́bi. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ sì ń bẹ níta. Ṣùgbọ́n bí ìta kò bá dára fún ọmọ, àwa àgbà ni ó yẹ kí á wá ibi tí ó dára fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

OHUN TÍ ERÉ Ń ṢE NÍNÚ ARA

Ọlọ́run kò dá ara ọmọ fún ìjókòó. Ọkàn tí ń lù ní àyà wa, ẹran-ara ni. Bí a bá ń lò ó, a máa lágbára sí i. Bí ọmọ bá ń sáré, tí ó ń fò, ìwúwo ara rẹ̀ a máa tẹ egungun, egungun a sì máa le sí i. Ìgbà èwe ni a ń kó agbára egungun jọ, bí ẹni tí ń dá àjọ. Bí a bá dàgbà, kíkó rẹ̀ ni ó kù. Ẹni tí kò dá, kí ni yóò kó?

Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ṣe eré tàbí iṣẹ́ tí yóò mú un mí gúlegúle, kí eré tí ń mú egungun àti iṣan le sì wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo péré nínú wákàtí 24 nìyẹn. A ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń yan ní 27 Oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Ó dùn-ún wò. A tún ń rí wọn níbi íntáháòsì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì lọ́dún kò lè bọ́ ara tí ń jẹun lójoojúmọ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé eré a máa gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ní Oṣù Keje 2022 ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré 100 mítà olókè fífò. Kò sí obìnrin kan ṣáájú rẹ̀ láyé tí ó sá a tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni ó gbé e dé yunifásítì ní Texas. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò gba wúrà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ni ó lè ní ìlera, ìlera sì ni oògùn ọrọ̀.

ORÍṢI ÌWÒSÀN TÍ ÈLÍJÀ GBÀ

Ẹ jẹ́ kí á ṣí ibi kíkà wa kejì. Èlíjà ti sá fún Jésébẹ́lì. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ibi pé ikú ni ó ń tọrọ lábẹ́ igi. Kí ni Ọlọ́run ṣe fún un? Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún sùn. Ó tún jẹ, ó tún mu. Nígbà náà ni ó dìde tí ó fi agbára oúnjẹ náà rin 40 ọ̀sán àti 40 òru dé Hórébù. Lẹ́yìn èyí ni ó tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Oorun, oúnjẹ, omi, ìrìn: Ọlọ́run kò fo ọ̀kankan. Bí wòlíì bá nílò wọn, mélòó mélòó ni ọmọ ilé-ìwé?

Oorun: ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12, ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Oúnjẹ: ẹ rántí Dáníẹ́lì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ewébẹ̀ àti omi ọjọ́ mẹ́wàá mú ojú wọn dán ju ti àwọn tí ń jẹ adùn ọba lọ. Ẹ̀wà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin, ẹ̀pà, ìbẹ́pẹ àti ọsàn wà lọ́jà wa. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì ni a ń kó sínú àpò ọmọ. Ṣúgà inú ìgò kan lè tó ṣíbí tíì mẹ́fà tàbí méje. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá, nínú òfin ìnáwó 2021, fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń dá àgbà wa gúnlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó ti fi ìjókòó àti jíjẹ ìgbà èwe ṣe ọ̀nà wọlé.

Ẹnìkan yóò wí pé Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé èrè eré ìdárayá kéré. Òótọ́ ni, ó ní ìwà-bí-Ọlọ́run ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kíkéré kì í ṣe àìsí. Pọ́ọ̀lù kan náà ni ó kọ́ ará Kọ́ríńtì pé tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa. A ń gbá ilé ìjọsìn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ta ni ó ń tọ́jú tẹ́ḿpìlì tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé?

ỌWỌ́ TIWA NÍNÚ ÌJỌ

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìjọ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà tirẹ̀.

Èkíní, ọgbà wa fẹ̀, ó sì ní odi. Kí á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọmọ àdúgbò, ti Kristẹni àti ti Mùsùlùmí, kí àgbà méjì máa ṣọ́ wọn.

Èkejì, ìṣọ́ òru. Bí ilé-ìwé bá wà lọ́jọ́ kejì, kí ọmọ sùn. Ọmọ tí ń tòògbé ní kíláàsì kò fi ògo fún Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹta, ààwẹ̀. Àgbà ni kí ó gbààwẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí ọmọ jẹun, kí orí rẹ̀ lè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, Ìkórè Àwọn Ọmọdé. Kí ọsàn àti omi rọ́pò mínírà. Èso ni ìkórè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ má ṣe fi ipá mú un sáré, ẹ má sì ṣe lé e kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ẹ bi dókítà ní ìwọ̀n tí ó lè ṣe. Kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì sinmi nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Àdúrà kò bá dókítà jà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi àkókò eré ìdárayá kún ti ìṣirò. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, eré kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Sekaráyà rí ẹ̀yin náà ní ìgboro. Ẹ̀yin ọmọ gbogbo, Jésù wà ní ọmọ ọdún 12 nígbà tí ó bá àwọn òbí rẹ̀ ti Násárẹ́tì lọ sí Jerúsálẹ́mù, ọ̀nà tí ó ju 100 kìlómítà lọ. Lúùkù sọ fún wa pé ó dàgbà ní ọgbọ́n, ó sì dàgbà ní ara. Ẹ jẹ́ kí tiyín rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí ń bọ̀, bí àwọn àlejò wa bá tún dé, kí wọ́n bá ariwo eré ọmọ nínú ọgbà yìí kí wọ́n tó gbọ́ agogo wa. Kí wọ́n bá àwọn arúgbó wa níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọlọ́run kí ó fún egungun àwọn ọmọ wa ní agbára, kí ó fún àwa òbí ní ọgbọ́n, kí ó má sì jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa dí ọ̀nà ìdáhùn àdúrà wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.