OHÙN NI KÍ O TÚN ṢE, KÌ Í ṢE ÀPÓTÍ

Ka Bíbélì: Matiu 23:25-28, Jeremaya 18:1-6

Bí o bá rí sípíkà àtijọ́ kan tí wọ́n ti jù sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí o sì fẹ́ tún un ṣe kí o tà á, kí ni wàá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sáré wá ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò ní kọ́kọ́ wo àpótí rárá.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣa irú sípíkà bẹ́ẹ̀ jọ, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń tà á. Ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni Advent. Henry Kloss ni ó dá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀ ní ọdún 1967, ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts. A ṣe àpótí rẹ̀ kí ó dí pátápátá, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa ti pépà ojú sípíkà padà bíi sípíríǹgì. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó yí etí pépà náà ká.

Fóòmù yìí gan-an ni wàhálà. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 15 sí 20, bí o bá fi ìka kàn án, á rún sí ọ lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ á máa jò, ohùn ìsàlẹ̀ á lọ, ìyókù á máa dún bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ṣùgbọ́n aṣọ bo ojú sípíkà. Ẹni tó ń wò ó láti ìta kò ní mọ̀.

Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa rí? Kò sí ẹni tó tutù nínú ẹ̀mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́kọ́ kúrú, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Ìbínú kékeré kan wọlé, a kò lé e jáde. Aṣọ ìjọ́sìn ṣì funfun, Bíbélì ṣì wà lábẹ́ apá. Ṣùgbọ́n bí ìṣòro bá ti yí ohùn sókè nínú ilé, kí ni ìyàwó tàbí ọkọ rẹ ń gbọ́? Kí ni àwọn ọmọ ń gbọ́?

Wo bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Ó mú bátìrì kékeré, irú èyí tí à ń fi sí tọ́ọ̀ṣì, ó fi wáyà rẹ̀ kan ẹ̀yìn sípíkà. Bí pépà bá ta kì, ó mọ̀ pé kọ́ìlì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn èyí, ó ha fóòmù jíjẹrà kúrò, ó fi sípírítì rẹ gọ́ọ̀mù àtijọ́, ó sì ha á tán. Iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí tuntun kì í lẹ̀ dáadáa lórí ìdọ̀tí. Ó wá ki pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí kọ́ìlì ká kí ó lè wà ní àárín gbùngbùn. Bí ó bá fì díẹ̀, á máa ha ara. Ó lẹ fóòmù tuntun, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Ìgbà náà ni àpótí ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Amọ̀kòkò inú ìwé Jeremaya kò ju amọ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nù. Ó tún un mọ. Olúwa mọ̀ pé ìyè ṣì wà nínú rẹ. Ṣùgbọ́n má sá fún híha! Ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí o jẹ ẹnì kan. Ó lè jẹ́ owó tí o ní láti dá padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìwọ tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ ní tààrà. Ènìyàn lè kun àpótí, kí ó fi ohùn kékeré dán an wò fún oníbàárà, kí ó sì gba owó. Nígbà tí ẹni náà bá délé tó yí i sókè, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run tó kórìíra òṣùwọ̀n èké ń wo sípíkà pẹ̀lú. Sọ fún oníbàárà rẹ pé: “Fóòmù yìí ni mo pààrọ̀, èyí ni mi ò fọwọ́ kàn, ibí yìí ló ti sán.” Èrè rẹ lè kéré lónìí, ṣùgbọ́n wàá sun oorun àsùnwọra, oníbàárà yẹn á sì mọ ibi tí yóò padà sí.

Ohun tí o máa ṣe lónìí: Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ bá ẹnì kan tí o ti fi àwọ̀ ẹwà bo òtítọ́ mọ́ lójú. Sọ òtítọ́ fún un.

Kókó Àdúrà:
1. Baba, mo dúpẹ́ pé O kò jù mí nù.
2. Olúwa, ha gbogbo ohun jíjẹrà kúrò nínú ọkàn mi, bí ó tilẹ̀ dùn mí.
3. Baba, fi mí sí àárín gbùngbùn ìfẹ́ Rẹ, kí ohùn mi lè já gaara nínú ilé àti níbi iṣẹ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.