Ilé Tí A Yá Gbé: Ṣé Ó Lè Jẹ́ Ilé Wa?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fún wa ní ibi tí a ń forí pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìgì, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀. A ti wá ilé kiri títí, a ti san owó ilé, owó ejẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì, wọ́n sì ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ìbéèrè wá ni pé: ṣé ilé tí í ṣe ti ẹlòmíràn lè jẹ́ ilé wa? Kí ni yóò sì sọ ọ́ di ilé?

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn máa ń gbà dáhùn, a sì rò pé méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Àwọn kan ní, "Ilé onílé ni." Nítorí náà, wọn kì í gbá ojúde, wọn kì í ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, ẹrù wọn yóò sì wà nínú báàgì Ghana-must-go fún odidi ọdún kan. Wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò kọ́ ilé tiwọn. Àwọn kejì fẹ́ kí ilé di ilé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọn yóò yáwó ra àga olówó ńlá àti tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà, kí àlejò lè yìn wọ́n. Bí oṣù bá parí, ẹni tó yá wọn lówó ni yóò máa kanlẹ̀kùn. Ta ló lè sinmi nínú ilé tó ti ń sá fún ẹni tó ń kanlẹ̀kùn?

Ẹ jẹ́ kí a wò ó láti inú èdè Lárúbáwá. Ẹni tó ni ilé ni wọ́n ń pè ní maalik. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni saakin. Ọ̀rọ̀ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Saakin yìí sì bá sukuun tan, àmì tí gbogbo ọmọ ilé-kéú mọ̀, tí a ń fi sórí lẹ́tà tó dákẹ́, tó sinmi. Ibẹ̀ náà ni sakiina ti wá, ìyẹn ìfọ̀kànbalẹ̀. Nínú Suuratu Nahl, aaya 80, ibi ìsinmi ni Ọlọ́hun pe ilé wa. Nínú aaya yẹn kan náà, Ó tún pe àgọ́ aláwọ tí arìnrìn-àjò ń tú gbé kiri ní ilé. Bí àgọ́ tí a ó tú lọ́la bá lè jẹ́ ilé, yàrá tí a sanwó ọdún kan lé lórí kò lè ṣàì jẹ́ ilé.

Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé Mádínà lọ́dún 622, kò tíì ní ilé níbẹ̀. Ilé Abu Ayyub al-Ansari ló dé sí. Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, onílé wà lókè. Ìtàn sọ pé ìkòkò omi fọ́ lókè, Abu Ayyub àti ìyàwó rẹ̀ sì sáré fi aṣọ ìbora kan ṣoṣo tí wọ́n ní gbẹ omi náà, kó má baà kán sórí àlejò wọn. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ló sọ ilé yẹn di ibi ìsinmi. Bí ẹni òkè ṣe ń ro ti ẹni ìsàlẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ló dé tí a ó fi náwó sára ògiri onílé, nígbà tó lè ní ká kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kó tìtorí ọ̀dà tí a kùn fowó lé owó ilé? Ìbéèrè gidi ni. Èsì wa ni pé kí a ya ohun tó ń bá wa lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń kù. Kọ́tìnnì, nẹ́ẹ̀tì àti ẹní ìkírun, tiwa ni wọ́n. Ní ti ọ̀dà, páìpù tàbí àjà, kí a bá onílé sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí àdéhùn wà lákọọ́lẹ̀ bóyá yóò yọ ọ́ nínú owó ilé, kí a sì tọ́jú rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ba ilé jẹ́ nítorí pé kì í ṣe tirẹ̀ ti da àmánà, ìwà tó sì hù níbẹ̀ ni yóò kó wọ ilé tirẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe lọ́jọ́ tí a bá kó dé? Kí a gbálẹ̀, kí a ta kọ́tìnnì, kí a yan igun kan tó mọ́ fún ìrun. Kí a dáná lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe ẹ̀wà lásán. Ilé tí a kò tíì jẹun nínú rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ni. Bí a bá sì ń wọlé, kí a sálámà, kódà bó ṣe àwa nìkan là ń gbé ibẹ̀.

Ọmọ ilé-kéú tún mọ̀ pé lẹ́tà tó ní sukuun kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ ló ń gbé e dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kò lè dá ní ìsinmi ilé. Ó yẹ kí a lọ kí màmá tó ń gbé yàrá iwájú, kí a dá owó iná lásìkò, kí a má sá lọ́jọ́ tó bá kàn wá láti fọ ilé ìwẹ̀, kí a sì rẹ ohùn rédíò sílẹ̀, ìbáà ṣe wáàsí là ń gbọ́.

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Wọn kò sọ pé ilé tí a fowó ara wa kọ́ nìkan ni. Kí Ọlọ́hun fún onílé àti ayálégbé ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kí Ó sì fún ẹni tó ń wá ilé ní ilé. Àmín.